Ìgbátí Òrùlé: Ǹjẹ́ Ilé Rẹ Ní Ọ̀nà Àsálà?

 

Òfin kékeré kan wà nínú ìwé Deutarónómì tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ní orí 22, ẹsẹ 8, Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti òkè, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà má sì wà lọ́rùn onílé. Òrùlé wọn nígbà náà tẹ́jú. Wọ́n ń jókòó síbẹ̀ gba atẹ́gùn, wọ́n ń sá nǹkan síbẹ̀, wọ́n sì ń gba àlejò síbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́run kò ní kí wọ́n kàn máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má ṣubú. Ó ní kí wọ́n mọ ìgbátí. Ewu tí a bá lè fojú rí ṣáájú, ojúṣe wa ni láti dènà rẹ̀. Onílé tó bá mọ̀ tí kò ṣe é, Ọlọ́run yóò bi í léèrè, ì báà jẹ́ aláàdúrà.

Ní ìjọ wa, a máa ń gbàdúrà ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé iná kò ní jó ilé wa. Àmín wa a sì máa milẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: bí èéfín bá wọ ilé yín ní aago méjì òru òní, ǹjẹ́ ọmọ yín ọlọ́dún méje mọ ohun tí yóò ṣe? Ǹjẹ́ ẹ̀yin fúnra yín mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà?

Èmi tí mo ń bi yín yìí, n kò mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ Sátidé kan, ìkòkò ẹ̀wà jóná nílé wa nígbà tí gbogbo wa ti sùn. Ẹ̀rọ tí ń kígbe bí èéfín bá dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Rauchmelder, bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro ní kọ́rídọ̀. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́ sínú àpò kóòtù mi, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe ní Èkó nítorí olè. Ibi tí mo ti ń wá kóòtù ni ìyàwó mi ti figbe bọnu pé òun kò rí àbíkẹ́yìn wa. Abẹ́ ibùsùn ló sá sí. Ó rò pé òun ni ariwo náà ń bá wí. Ẹ̀wà nìkan ló jóná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kejì a fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n oorun kò kun èmi ní òru ọjọ́ náà. Oníwàásù ni mí, ilé mi kò sì ní ìgbátí.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Àwọn tó ti pẹ́ ní agbègbè Hamburg kò lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lübeck ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1996. Iná jó ilé àwọn tó wá ibi ìsádi ní Hafenstraße. Ènìyàn mẹ́wàá ló kú, ọmọdé sì ni méje nínú wọn. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un títí di òní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, iná ṣẹ́ ní ilé kan ní Ufnaustraße, ní Moabit ní Berlin. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2014, ní Altona ní Hamburg, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì kú nínú iná tó jó ilé kan ní Eimsbütteler Straße. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀.

A kò lè mọ ibi tí iná yóò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n a lè mọ ibi tí àwa yóò gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ikú Moabit kọ́ wa, nítorí pé ó yàtọ̀ sí ohun tí a mọ̀ nílé. Nílé wa, bí ẹnìkan bá ké pé "Iná o!", gbogbo ènìyàn ló ń tú jáde sí àgbàlá. Ní ilé ilẹ̀, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní àjà kẹta tàbí ìkẹrin, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ilé sì ń gbà. Bí iná bá ń jó nísàlẹ̀, èéfín rẹ̀ yóò gba ibi àtẹ̀gùn gòkè bí ẹni gba inú fèrè. Ní Moabit, àwọn tó sáré bọ́ sí ibi àtẹ̀gùn ni wọ́n bá èéfín pàdé. Èéfín kì í sì í dúró de iná kó tó pa ènìyàn. Ẹni tó bá fà á símú nígbà mélòó kan lè dákú kó tó sọ̀kalẹ̀ àjà kan.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a há ọ̀nà méjì sórí, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa.

Èkíní: bí iná bá ṣẹ́ nínú ilé tìrẹ, tí kò sì sí èéfín ní ibi àtẹ̀gùn, kó gbogbo ará ilé jáde kíá. Má padà lọ mú ìwé ìrìnnà, má padà lọ mú owó. Rántí aya Lọ́ọ̀tì. Mú kọ́kọ́rọ́ dání, pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ kí èéfín má baà tẹ̀lé ọ, ṣùgbọ́n má tì í pa. Kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò bí o ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Má wọ lífítì rárá. Bí o bá dé ìta, pe 112.

Èkejì: bí o bá ṣílẹ̀kùn tí o sì rí èéfín ní ibi àtẹ̀gùn, má jáde. Mo tún un sọ: má jáde. Ti ilẹ̀kùn náà padà, kí o rẹ aṣọ ìnura sínú omi, kí o fi dí abẹ́ rẹ̀. Kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá tó jìnnà sí èéfín, tó kọjú sí òpópónà, kí o sì ti ilẹ̀kùn ìyẹn náà. Pe 112. Ṣí fèrèsé, máa juwọ́, máa ké. Àwọn panápaná yóò gbé àkàbà wọn wá bá ọ. Má fò.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, ṣé kí n jókòó ti iná ni?" Ẹ jẹ́ kí a wo Pọ́ọ̀lù ní Dámásíkù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Àwọn ọ̀tá ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú tọ̀sán-tòru láti pa á. Pọ́ọ̀lù kò torí ìgbàgbọ́ gba ẹnubodè ibi tí ikú wà. Kò sì fò láti orí odi. Ó dúró títí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fi mú agbọ̀n wá, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní òru. Ọ̀nà kejì wà, àwọn tó ń di okùn mú sì wà. Fèrèsé rẹ ni ọ̀nà kejì rẹ, àwọn panápaná ni wọ́n di okùn mú.

Nípa 112, ọ̀fẹ́ ni. Sọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, àjà tí o wà, ohun tó ń jó, àti iye ènìyàn tó wà nínú ewu. Má sọ fóònù kalẹ̀ kí wọ́n tó parí ìbéèrè wọn. Èdè Jámánì a máa sá kúrò lẹ́nu ẹni nígbà ìpayà, nítorí náà, kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kọ́ àwọn ọmọ náà láti pè é, nítorí Jámánì wọn já gaara ju tiwa lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí wúwo lọ́kàn mi. Àwọn kan nínú wa ń lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ní aago mẹ́rin ìdájí, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ òru. Wọ́n ń ti àwọn ọmọ mọ́lé láti ìta, kí wọ́n má baà jáde. N kò dá yín lẹ́bi. Mo mọ ohun tí owó ilé ń ṣe fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a tì mọ́lé kò ní ọ̀nà àsálà kankan. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lóòótọ́, a lè tún ilé kọ́. Ta ni yóò tún ọmọ kọ́?

Nítorí náà, ẹni tí ìṣòro yìí bá ń bá fínra, kó wá bá mi tàbí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní kọ̀rọ̀. A kò ní dójú tì yín. Ìyá kan tó ń gbé nítòsí lè gba ọmọ yín sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìjọ ni ó yẹ kó di okùn mú. Bí a kò bá lè di okùn mú fún ara wa, kí ni a ń pe ara wa ní ará fún?

Ìgbátí tún wà fún aládùúgbò. Kẹ̀kẹ́ ọmọ, bàtà, àpótí ẹrù tí à ń dì ránṣẹ́ sílé, ẹ má kó wọn sí ibi àtẹ̀gùn. Ẹ rántí Altona. Bí tiwa kò bá tilẹ̀ jóná, ó lè kọ́ ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn lẹ́sẹ̀. Ẹ má sì yọ bátìrì Rauchmelder nítorí pé ó ń kígbe bí a bá ń din dòdò. Òfin ti mú un ní dandan fún gbogbo ilé gbígbé ní Hamburg láti òpin ọdún 2010, àti ní Berlin láti òpin ọdún 2020.

Ní ibi iṣẹ́, ẹ wá àmì aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán ẹni tó ń sáré. Ẹ tẹ̀lé e lọ́jọ́ tí kò sí iná, kí ẹ lè mọ ibi tó já sí, kí ẹ sì bèèrè ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ yóò ti pàdé níta. Nínú gbọ̀ngàn ìjọsìn wa pẹ̀lú, láti Sunday tó ń bọ̀, àwọn aṣọ́nà kò ní gba ẹnikẹ́ni láyè láti to àga dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìkórè.

Iṣẹ́ tí mo fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sunday, kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà hàn wọ́n. Ẹ yan yàrá tí ẹ óò dúró sí bí èéfín bá dí àtẹ̀gùn. Ẹ yan igi tàbí òpó kan níta tí ẹ óò ti ka ara yín. Ẹ sọ fún ọmọ pé kó má sá pamọ́, ariwo náà kò bá a wí. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọwọ́ ara yín mú kí ẹ gbàdúrà. Àmín ti ọjọ́ náà yóò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Àwa náà ti rìn ín nílé wa. Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò nínú àpò kóòtù, ó ń rọ̀ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ àbíkẹ́yìn wa ti lè tó o.

Kí Olúwa tó ṣọ́ àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta nínú iná ìléru ṣọ́ ẹ̀yin àti ilé yín. Kí ó fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbátí, kí ó sì fún wa ní ọkàn láti di okùn mú fún ẹnìkejì wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.