Má Ṣe Pa Iná Ìkìlọ̀

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Jeremiah 36:20-32
AKỌ́SÓRÍ: 1 Timoti 4:2

Olùfẹ́, bí iná ìkìlọ̀ bá ń tàn nínú ọkọ̀ rẹ, tí ó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí o pa á? Ìwọ lo ni ọkọ̀, owó rẹ lo sì fi rà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Fara balẹ̀, kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní òwúrọ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ọdún 2000 tó dé, táyà àwọn ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bó lórí eré, àwọn ọkọ̀ náà sì ń gbókìtì. Nígbà tí wọ́n ka òkú tán, ó lé ní 200. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní TREAD Act ní ọdún 2000. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ó di dandan kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n bá ṣe fún títà níbẹ̀ ní ohun tí yóò máa ṣọ́ táyà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọ Èkó fi ní iná yẹ́lò kan tó rí bí táyà tí a là sí méjì, tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan, ní ìdí ibi tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ní bátìrì tirẹ̀, ó sì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nípa bí atẹ́gùn ṣe kù sí. Kì í ṣe aláròyé rárá. Bí ó bá yẹ kí táyà rẹ wà ní 32, òfin gbà á láyè láti dákẹ́ títí atẹ́gùn yóò fi wálẹ̀ sí 24. Nítorí náà, nígbà tí ó bá la ẹnu, ìdá kan nínú mẹ́rin lè ti lọ. Ìkìlọ̀ tí o rò pé ó yá jù ti lè pẹ́.

Jẹ́ kí á wo arákùnrin kan. Tòkunbọ̀ ló rà. Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, òtútù mú kí atẹ́gùn inú táyà lọ sílẹ̀, iná yẹ́lò sì tàn. Ó fẹ́ táyà, iná kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún tàn. Ó sú u. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó tú dáṣíbọọ̀dù fúnra rẹ̀, ó gé wáyà iná náà, ó sì so ó mọ́ ti iná ọ́ìlì, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa tàn, kí wọ́n sì jọ máa kú nígbà tí ó bá ṣáná sí ọkọ̀. Ẹni tó bá jókòó síwájú kò lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun kò náwó fún rewáyà.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ó forí lé Ìbàdàn. Kí ó tó gbéra, ó wo dáṣíbọọ̀dù bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Gbogbo iná tàn, gbogbo iná sì kú. Ó gbàdúrà, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọkanáísà kan wo táyà ẹ̀yìn, ó figbe ta. Géèjì kò ju 14 lọ, ara táyà gbóná bí iná, wáyà inú rẹ̀ sì ti ń yọjú. Obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀: "Dádì, mo wò ó kí n tó kúrò nílé. Iná kankan ò kúkú tàn." Ọkọ rẹ̀ kò rí èsì kankan fún un.

Olùfẹ́, obìnrin yìí kò ṣe àìbìkítà. Ẹlẹ́rìí ló gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọkọ rẹ̀ ló sì ti yí ẹlẹ́rìí náà lọ́rọ̀ padà. Iná tó kú kò dákẹ́ o! Ohun tó ń wí ni pé, "Àlàáfíà ni." Nítorí náà, ẹni tó bá pa á lábẹ́lẹ̀ kò pa ariwo lásán, irọ́ ló fi sí ẹnu ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni "ọkọ̀ mi ni" ti kùnà. Lóòótọ́, ìwọ lo ni wáyà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn tó jókòó sẹ́yìn kì í ṣe tìrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí o máa ta ọkọ̀ náà fún lọ́la.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí àwọn kan ń dá. Wọ́n á tú sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú táyà, wọ́n á kó wọn sínú páìpù kan, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á dí i pa, wọ́n á sì jù ú sínú búùtù. Àwọn sẹ́ńsọ̀ á máa ròyìn ohun rere láti inú páìpù, nígbà tí táyà ń jò lójú títì. Ṣé kì í ṣe bí ẹ̀rí ẹlòmíràn nínú wa ṣe rí nìyẹn? Bí wọ́n bá béèrè nínú ìjọ, "Dáadáa ni" ni èsì wa. Inú páìpù ni a ti ń dáhùn.

O lè wí pé, "Ṣùgbọ́n táyà mi kò ní nǹkan kan, sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́." Ó lè jẹ́ òtítọ́. Bátìrì rẹ̀ kì í wà títí láé, irin fọkanáísà sì lè ṣẹ́ ẹ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìyàtọ̀: bí iná bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó dúró, olùṣọ́ ló ń ṣàìsàn, bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, táyà ni kí o wò. Bí olùṣọ́ bá ṣàìsàn, tún un ṣe. Bí owó kò bá sí, fi iná náà sílẹ̀ kí ó máa tàn, máa fi géèjì wọn táyà rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni tí yóò wà á. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà kọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, àwọn tó ń tà á àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tún un ṣe, pé kí wọ́n má ṣe sọ ohun ààbò inú ọkọ̀ di aláìwúlò. Ṣùgbọ́n òfin náà kò mú ẹni tó tú ti ara rẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ òfin kò dé gan-an ni a ti ń mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Ọba Jehoiakimu jókòó nídìí iná ní ìgbà òtútù, wọ́n sì ń ka ìwé ìkìlọ̀ sí i létí. Bí wọ́n ti ń kà á, ó ń fi ọ̀bẹ gé e, ó ń sọ ọ́ sínú iná títí ó fi jó tán. Àwọn mẹ́ta bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Iná jó ìwé, kò jó ọ̀ràn inú rẹ̀. Wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi kún un. Ọba Bábílónì kò torí ìwé tó jóná kí ó jókòó sílé.

Iná wo ni ìwọ ti gé wáyà rẹ̀? Ṣé ti dókítà tó ní kí o wá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ni? Ṣé ti aya tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o fi ìbínú pa á lẹ́nu mọ́? Àbí ti ẹ̀rí ọkàn tó ń jí ọ lóru nítorí owó tí kì í ṣe tìrẹ? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Táyà ni kí o tọ́jú. Fi iná sílẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí o tó jáde lónìí, wo táyà rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó wà nínú búùtù. Bí ohunkóhun bá wà tí o ti fi pamọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ, sọ ọ́ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÀDÚRÀ: Baba, má jẹ́ kí n pa ohùn tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí mi là lẹ́nu mọ́. Fún mi ní ìgboyà láti tún ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́ ṣe, ní orúkọ Jésù. Àmín.