Ẹ̀sọ̀ Ni Ti Ọ̀pẹ̀yìnbó

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nínú gbogbo ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn, n kò mọ èyí tí òwe yìí bá mu tó ọ̀pẹ̀yìnbó. Ẹ̀gún ló to etí ewé rẹ̀, ó sì lè lò tó ọdún kan àbọ̀ nílẹ̀ kí ó tó so èso kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá lè fara balẹ̀, kí ó má wulẹ̀ dá oko rẹ̀.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀pẹ̀yìnbó ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1493 ni Christopher Columbus rí i ní erékùṣù Guadeloupe, àwọn Pọtogí sì wà lára àwọn tó gbé e káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń tọ́jú omi sínú. Ọ̀pọ̀ ewéko ní í ṣí ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọn lọ́sàn-án. Ní ti ọ̀pẹ̀yìnbó, bí oòrùn bá ń mú, pípa ló ń pa tirẹ̀ dé, ó di òru kí ó tó ṣí i, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ohun tí ó fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, kò sì lè fara da ilẹ̀ àbàtà. Níbi tí omi bá ti ń dúró, àárín rẹ̀ á jẹrà, ewé á sì máa fà yọ lọ́wọ́ ẹni.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Oko tí yóò dára, láti orí ohun tí a gbìn ni. A lè gbin adé tó wà lórí èso, a sì lè gbin ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ọmọ ló máa ń tètè so. Adé máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ara ìyá tó le, tó so èso ńlá, ni kí a ti mú ọmọ náà. Bí a bá rí kòkòrò funfun tó dà bí ìyẹ̀fun ní ìdí ewé, tí èèrà sì ń rìn yí i ká, ká fi í sílẹ̀, nítorí àìsàn ló ń kó wọ oko. Bí a bá já ọmọ náà tán, kí a tẹ́ ẹ síbi ìbòòji fún ọjọ́ mélòó kan, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ibí yìí ni ìkánjú ti kọ́kọ́ ń pa àgbẹ̀ lára: ọgbẹ́ tútù tó wọ ilẹ̀ tútù, ìjẹrà ló ń bí.

Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí a gbìn ín, lórí ebè, nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí omi ń tètè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín ọmọ kan sí èkejì, méjì sáàárín ìlà méjì tó bá ara wọn rìn, kí ẹ sì fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀nà, kí ẹni tó ń ro oko má baà fi ara gbá ẹ̀gún. Kí iyẹ̀pẹ̀ má ṣe wọ àárín ewé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà gígùn.

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Àwọn àgbẹ̀ a máa da omi kábáàdì (calcium carbide) díẹ̀ sí àárín ọ̀pẹ̀yìnbó kí gbogbo oko lè yọ òdòdó pa pọ̀. Ìgbà tí ewé rẹ̀ bá ti tó 30 ni kí a ṣe é. Bí a bá ṣe é fún èyí tó kéré, èso kékeré ni yóò so. Ó tún ń tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn òdòdó kí èso tó gbó. Ẹ má ṣe já a ní àìgbó, kí ẹ wá fi kábáàdì pọ́n ọn. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ nípa ìyẹn, asán sì ni pẹ̀lú: ọ̀pẹ̀yìnbó tí a bá ti já kì í dùn sí i mọ́, awọ rẹ̀ nìkan ló ń pọ́n. Àwọ̀ gan-an kò tó ẹ̀rí. Irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Allada, ní ilẹ̀ Benin, a máa gbó kí ó sì dùn bí oyin nígbà tí awọ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ojú ara rẹ̀ tó tẹ́, àti òórùn dídùn ní ìdí rẹ̀, ni kí ẹ wò.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bákan náà ni ti ọ̀pẹ̀yìnbó. Ìyá tó ti so kò ní so mọ́, àmọ́ ọmọ ti ń dìde ní ìdí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan tó le jù sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ já ìyókù lọ gbìn sí oko tuntun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá ohun tí ẹ ó gbìn, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀gún rẹ̀. Ìkánjú ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ wá ilẹ̀ tí kì í gba omi dúró, ẹ wá ọmọ tó le, ẹ jẹ́ kí ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ pé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní kábàámọ̀.