Ẹbọ Apẹja Kò Pin Sídìí Èṣù

Ọ̀rọ̀ òru ni mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ òru lójú omi.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wá bá mi nílé ní Ìkòsì. Apẹja ni, Àgbóyì ló ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Kétu, Alápẹ̀rẹ̀ àti Mile 12 mọ Àgbóyì: omi ló yí i ká, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́, ẹja pípa àti yanrìn wíwà sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun. Ọmọ yìí ní òun àti ẹnìkejì òun fẹ́ máa fi ọkọ̀ kékeré lọ sójú ọ̀sà lóru, láti ìhà Òwòrònṣòkí títí lọ sápá Ìkòròdú. Ó ní tó bá sì rọgbọ, àwọn máa gba ẹnu òkun jáde. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ṣe nǹkan fún mi tí màá so mọ́ ìdí, tómi ò fi ní gbé mi lọ."

Mi ò dá a lóhùn kíákíá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu ẹlòmíì, mo sì ti dáhùn rẹ̀ rí. Ìdáhùn tí mo fún ẹni yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ohun tí Ifá sọ

Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jù sílẹ̀, Ìrosùn Méjì ló hù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé nínú Ojú Odù 16, Ìrosùn Méjì wà lára àwọn tí a máa ń bá Olókun pàdé nínú wọn. Mi ò ní ki ẹsẹ rẹ̀ níbí o. Ìtàn tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, lẹ́nu lásán.

Wọ́n ní ìgbà kan wà tí omi Olókun kéré. Ọba ni lóòótọ́, àmọ́ omi tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ò tó ọba. Ló bá tọ àwọn awo lọ. Wọ́n sọ ẹbọ fún un, wọ́n sì sọ bó ṣe máa ṣe é. Kò ní, "Èmi olómi, kí ni mo fẹ́ fi ẹbọ ṣe?" Ó gbọ́, ó rú u. Látìgbà náà ni gbogbo odò ti ń wá bá a nílé.

Ohun méjì ni mo rí mú níbẹ̀. Èkíní, ẹni tó lomi gan-an gbọ́ràn. Ìwọ tí kò sí ẹ̀kán omi kan tó jẹ́ tìrẹ nínú ọ̀sà, kí lo gbójú lé tó ò fi ní gbọ́ràn? Èkejì, kò sómi tí kò níbi tó ti ń bọ̀. Àwa ará Kòsọ́fẹ́ ò gbọdọ̀ gbàgbé èyí láé. Odò Ògùn, odò Yemọja, òkè lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ó wá ń já sínú ọ̀sà lẹ́bàá wa níbí. Odò Ọ̀yán wà lára àwọn tó ń wọnú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ dáàmù sí Ọ̀yán, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983. Tójò bá pọ̀, tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, Àjẹgúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti Àgbóyì ló máa ń já sí lọ́rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ní 2010 rántí bí àwọn èèyàn ṣe sá fi ilé sílẹ̀ ní Àjẹgúnlẹ̀. Òjò lè má kán ní Kétu látàárọ̀, kí omi Àgbóyì sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Apẹja tó ń wo ojú ọ̀run nìkan, tí kò béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè odò, ìdajì Ìrosùn Méjì ló gbọ́.

Iṣẹ́ tí mo jẹ́ ní ìdajì

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹni àkọ́kọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ àdúgbò rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ọ̀dọ́ apẹja lòun náà. Mo dífá fún un. Ifá ní kó rúbọ, Ifá sì ní kó ṣọ́ra fún omi òru. Gbólóhùn méjì ni. Mo kígbe àkọ́kọ́, mo sọ èkejì wúyẹ́wúyẹ́. Mo ka ohun ẹbọ fún un: àkùkọ, ẹyẹlé, epo, owó. Mo ṣe oǹdè fún un, ó so ó mọ́dìí, inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn. Mi ò bi í bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Mi ò bi í pé ta ló mọ ibi tó ń lọ. Mi ò bi í pé kí ló máa gbé e ró tí ọkọ̀ bá dojú dé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ìjì dé bá wọn lójú ọ̀sà. Ẹnìkejì rẹ̀ di kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun ní tirẹ̀, ọjọ́ kẹta la tó rí i. Oǹdè mi ṣì wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí a sin ín tán, mo lọ kí ìyá rẹ̀. Ìyá náà ò bínú sí mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó gbé omi fún mi mu, ó wá ní, "Bàbá, owó tó fi ra nǹkan ẹbọ yẹn, owó láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ló ti ń kó jọ tẹ́lẹ̀. Ó ní tí Bàbá bá ti ṣe tiwọn, òun ò nílò ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi títí dòní.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹbọ ọ̀hún ò fín ni?" Ifá ò purọ́. Ó sọ pé kó rúbọ, ó sọ pé kó ṣọ́ra. Èmi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rán ni mo jẹ́ iṣẹ́ ní ìdajì. Ohun tó wà nídìí Èṣù jẹ́ ẹbọ. Ohun tí wọ́n ní kó o má ṣe, tó ò ṣe é, ẹbọ ni. Ohun tí wọ́n ní kó o ṣe kó o tó gbéra, tó o ṣe é, ẹbọ nìyẹn náà. Ẹni tó rú ẹyọ kan tó fi méjì sílẹ̀, kó má sọ pé òun ti rúbọ tán.

Àwọn kan tún máa ń rò pé ẹni tó wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ò gba Ifá gbọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Gbogbo wa la mọ ewé ojúoró, tí àwa awo ń lò. Ẹ já a lójú omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka yín. Ó máa rọ̀ bíi kànìnkànìn, nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Bí Olódùmarè ṣe dá a nìyẹn, ohun tí kò sì jẹ́ kó rì nìyẹn. Iṣẹ́ kan náà gẹ́lẹ́ ni láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ṣé ẹ wá fẹ́ gba ti ewé gbọ́, kẹ́ ẹ kọ ti jákẹ́ẹ̀tì?

Ohun ẹbọ tí mo kà fún ọmọ Àgbóyì

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé kó lọ ra láìfù-jákẹ́ẹ̀tì méjì, tirẹ̀ àti ti ẹnìkejì rẹ̀, kó gbé e wá síwájú Ifá kí n tó ṣe ohunkóhun. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ti Ifá là ń ṣe ni, àbí ti ìjọba?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ti ẹ̀mí ẹ là ń ṣe, ọmọ mi."

Nígbà tó gbé e dé, mo fi ìyẹ̀rosùn súre sí i. Mo wá ka ìyókù fún un. Èmi náà ti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà apẹja kí n tó lè kà á:

Jákẹ́ẹ̀tì, ara lo máa wọ̀ ọ́ sí. Má fi jókòó, má sì fi há abẹ́ àwọ̀n. Ìjì kì í dúró kéèyàn wá aṣọ.

Iná kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ rẹ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń sáré bọ̀ ò lè rí ọkọ̀ onígi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn. Mú tọ́ọ̀ṣì méjì àti fèrè tí wàá so mọ́rùn.

Sọ ibi tó ò ń lọ fún ẹnì kan lórí ilẹ̀, àti aago tó o máa dé. Nínú ẹsẹ Ifá, ẹ wo bó ṣe máa ń rí: a máa ń mọ ẹni tó wá dífá, a máa ń mọ ibi tó ń lọ àti ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Kó tó gbéra ló ti sọ ọ́. Tí aago bá kọjá tó ò dé, kí ẹni yẹn pe 767 tàbí 112. Fi fóònù tìrẹ náà sínú ọ̀rá tó dì pinpin.

Bọ̀wọ̀ fún Ṣàngó. Tó o bá rí mànàmáná, máa ka iye pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni ìró àrá fi ń rin nǹkan bíi kìlómítà kan. Tó bá sán kó o tó ka 30, kò jìnnà sí ọ ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ. Kó àwọ̀n, máa bọ̀ nílé. Tí o ò bá ráyè kó o, gé e sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi gbọdọ̀ wà nítòsí.

Ṣọ́ ohun tó wà nínú omi. Igi gẹdú tí wọ́n ń fà lójú omi máa ń já sílẹ̀, á lúwẹ̀ẹ́ sábẹ́ omi, kò ní yọrí. Koríko orí omi tó ti gba ojú omi wa láti nǹkan bí 1984 máa ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo àwọn òpó Afárá Third Mainland tó ò fi ní rí wọn àfi tó o bá dé ìdí wọn. Ní ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti ìgbà tó bá di àrànmọ́jú, ni omi máa ń fà jù.

Ṣọ́ ara rẹ. Má mu ògógóró pé òtútù ń mú ẹ. Má dìde dúró létí ọkọ̀ láti tọ̀, lo agolo. Àwọn àgbà apẹja sọ fún mi pé ibẹ̀ lẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa ti máa ń ṣubú.

Tí ọkọ̀ bá dojú dé, di ọkọ̀ mú. Má ní o fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté nítorí pé o rí iná Òwòrònṣòkí. Iná máa ń jọ ohun tó sún mọ́ni lóru. Ọkọ̀ onígi tó dojú dé ṣì ń léfòó, ẹni tó ń wáni á sì tètè rí ọkọ̀ ju orí èèyàn lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 25 tó o dé pinpin, so ó mọ́ ọkọ̀.

Ní ti ẹnu òkun, mo ní kó gbàgbé rẹ̀. Ọkọ̀ odò ni ọkọ̀ rẹ̀. Ìgbì Olókun kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń pariwo. LASWA, tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó ojú omi, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ọkọ̀ èrò má rìn lóru, kí ẹnikẹ́ni má sì wọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù keje 2022, ọkọ̀ èrò kan tó gbéra lálẹ́ láti Mazamaza dojú dé, ó ju èèyàn 10 lọ tó bá a lọ. Ọkọ̀ èrò nìyẹn o, tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkọ̀ rẹ, èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, ta ló máa ké? Ní ọdún yẹn kan náà, FISH Safety Foundation gbé ìwádìí jáde pé ó lé ní 100,000 èèyàn tó ń kú lọ́dọọdún káàkiri ayé lẹ́nu iṣẹ́ ẹja. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú ọkọ̀ kékeré bíi tìrẹ ń ṣiṣẹ́.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wá ṣe oǹdè fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe é. Awo ni mí. Àmọ́ mi ò gba owó rẹ̀. Mo ní jákẹ́ẹ̀tì méjì tó rà ti tó owó.

Ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, ó tún wá. Mo rò pé ẹja ló gbé wá fún mi, ọwọ́ òfìfo ló wá. Ó ní, "Bàbá, a jáde lọ lánàá. A ti da àwọ̀n tán, mànàmáná kọ. Mo kà á dé 20, àrá sán. A kó ohun tá a lè kó, a padà. A ò rí ẹja kankan pa." Ojú ń tì í. Ó ní àwọn tó kù ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté.

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ fúnra ẹ lẹja tó o gbé wálé yẹn. Lọ sọ fún ìyá ẹ pé o ti dé."

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa jẹ́ iṣẹ́ Ifá tán. Tí apẹja, awayanrìn tàbí awakọ̀ omi bá jókòó síwájú yín, kẹ́ ẹ tó ka àkùkọ, ẹ bi í pé, "Jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, bó jẹ́ èmi, gba owó ẹ̀mí yín fi ra ohun ẹbọ.

Kí Olókun má fi tiwa jẹun. Kí Yemọja máa gbé àwọn ọmọ wa dé èbúté láyọ̀. Kí orí ọmọ tó lọ máa rántí ẹni tó ń dúró dè é nílé. Ẹbọ wa á fín, ẹbọ wa á dà.

Àṣẹ o.