Òǹtẹ̀ Ọjọ́-Orí àti Ẹ̀rù Ọmọdé

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Nítorí èyí ni gbogbo ìlú tí ó ní àgbà fi ń ya ohun tí ọmọdé lè wò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò yẹ kí ó wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó ṣòro: nígbà tí àgbà bá bo ojú ọmọ, ǹjẹ́ ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó jẹ ọmọ náà ní gbèsè? Ìtàn àwọn sinimá adẹ́rùbani àtijọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí.

Ní ọdún 1931 ni James Whale ṣe fíìmù Frankenstein ní Amẹ́ríkà. Boris Karloff ni ó ṣe abàmì ẹ̀dá tí onímọ̀ kan fi ẹ̀yà ara òkú tò pọ̀. Nínú eré náà, abàmì ẹ̀dá yìí bá ọmọbìnrin kékeré kan pàdé létí omi. Ọmọ náà kò sá fún un. Ó fi òdòdó lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ń ju òdòdó sójú omi, òdòdó ń léfòó. Nígbà tí ti ọwọ́ rẹ̀ tán, ẹ̀dá náà gbé ọmọ, ó jù ú sínú omi, ó ṣebí ọmọ náà yóò léfòó bí òdòdó. Ọmọ rì. Ẹ̀dá náà sì sá lọ tìdààmú-tìdààmú.

Àwọn tí ń yẹ sinimá wò ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà kò lè fara da èyí, wọ́n sì gé e kúrò. Ohun tí ó kù fún òǹwòran ni pé ẹ̀dá náà na ọwọ́ sí ọmọ. Lẹ́yìn èyí, bàbá ọmọ ni a tún rí tí ó gbé òkú rẹ̀ gba àárín ìlú kọjá. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín? Olúkúlùkù fi èrò ọkàn ara rẹ̀ dí àlàfo náà, èrò tí ó sì máa ń wá síni lọ́kàn burú ju ohun tí a gé lọ. Ẹni tí ó rí i tán rí àṣìṣe aláìmọ̀kan, àánú sì ṣe é. Ẹni tí a fi í pamọ́ fún rí ìwà ìkà. Ó di àárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí fídíò ti wọ inú ilé, kí a tó dá apá náà padà sí àyè rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò sinimá ti wà láti ọdún 1912. Ní 1932, wọ́n dá òǹtẹ̀ H sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ nípa sinimá adẹ́rùbani. Ní 1951, X rọ́pò rẹ̀, ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 16 kò sì gbọdọ̀ wọlé wò ó. Nígbà tí ó di 1982, òǹtẹ̀ PG dé, èyí tí ó ń sọ fún òbí pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ọmọ. Frankenstein tí ó dẹ́rù ba àwọn bàbá ńlá wọ́n ti gba PG. Bẹ́ẹ̀ náà ni Island of Lost Souls: ní 1933, ìgbìmọ̀ kọ̀ ọ́ pátápátá, ní 1958, wọ́n gé e, wọ́n fún un ní X, ní 2011, PG ni wọ́n fún un.

Àwọn kan yóò wí pé bí òǹtẹ̀ bá lè yí padà báyìí, irọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Ní 1933, sinimá tí ń sọ̀rọ̀ kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá; ẹ̀rù àwọn ènìyàn ìgbà náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Àgbà òde òní ti rí púpọ̀. Ọ̀dà àti aṣọ ni ó rí níbi tí wọ́n ti rí iwin. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje òní kò sí láyé ní 1933. Ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí i ni ọjọ́ kìíní tirẹ̀. Òǹtẹ̀ ń sọ ohun tí ó ti mọ́ ìlú lójú. Kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ kan. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá méjì lè jókòó pọ̀ wo Frankenstein: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ kò ní lè sùn mọ́.

Nígbà tí fídíò dé, ọ̀ràn náà tún le sí i. Ilé sinimá ní ẹnu-ọ̀nà, ẹnu-ọ̀nà sì ní olùṣọ́. Ta ni olùṣọ́ inú ilé? Òfin fídíò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984 pàṣẹ kí ìgbìmọ̀ rántí pé inú ilé ni a ó ti máa wò ó. Fíìmù The Exorcist ti ọdún 1973, tí àgbà ti ń lọ wò ní ilé sinimá láti 1974, kò rí òǹtẹ̀ fídíò gbà lábẹ́ òfin yìí títí di 1999, nígbà tí wọ́n fún un ní 18. Nítorí ọmọdé ni a ṣe fi du àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, kì í ṣe ọmọdé ni òfin kò fọkàn tán, àgbà ni: ó fura pé bàbá yóò fi fídíò sílẹ̀ lórí tábìlì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pẹ̀lú fi òfin dá ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò fíìmù àti fídíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1993, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí olùkọ́ ibi. Òǹtẹ̀ dára, ẹni tí ó bá fà á ya kò fẹ́ ire fún ọmọdé. Àmọ́ iṣẹ́ ẹnu-ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ fún ọmọ pé àìmọ̀kan ni ó pa ọmọbìnrin etí omi, kì í ṣe ìkà. Kò sì lè mọ ọmọ tí kò sùn lóru àná. Òbí àti olùkọ́ ni ó lè ṣe èyí, bí wọ́n bá jókòó ti ọmọ tí wọ́n sì bi í léèrè ohun tí ó rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ṣùgbọ́n àfi kí àgbà náà wà lọ́jà.