Kò Wúlò Mọ́, Lójú Ta?

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe jẹun. Èyí tí mò ń kọ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pe ara wọn láti inú bíráwúsà, kí wọ́n gbóhùn ara wọn, kí wọ́n sì rójú ara wọn. WebRTC ni ìlànà tí à ń tẹ̀lé. Ẹgbẹ́ W3C fọwọ́ sí i pátápátá ní 2021.

Nínú ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ addStream. Ẹ di ohùn àti àwòrán pọ̀ bí ẹrù kan, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, ó parí. Nígbà tó yá, addTrack dé: ohùn lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀. Àwọn tó ń kọ ìlànà rí i pé kò sóhun tí addStream ń ṣe tí addTrack ò lè ṣe, wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ṣé ó wá tọ́ ká gba ohun tó ń mú nǹkan rọrùn lọ́wọ́ èèyàn, torí pé ó lè gba ibòmíì?

Ẹnìkan á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe náà dùn, àmọ́ kò bá ibí mu. Ọ̀nà méjì kọ́ nìyí. addStream kàn ń pọ̀n yín gba ọ̀nà kan náà ni, ẹni tí a gbé pọ̀n kì í sì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń rí: ẹ pe Màmá nílé, nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, ojú Màmá dúró gbagidi, ẹnu là sílẹ̀. Ó yẹ kí áàpù dá àwòrán dúró kí ohùn máa lọ. addTrack ń fún ẹni tó ń kọ áàpù ní ohun tó lè fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. AddStream ò dá nǹkan kan padà fún un. (Ó lè fi getSenders wá a o, bó bá rántí.) Mo fara mọ́ yíyọ náà.

Ọ̀rọ̀ "kò wúlò mọ́" yẹn ni kò wọ̀ mí létí. Lójú ta? Chrome 64, ti 2018, ni Chrome ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba addTrack. Fóònù tí Chrome rẹ̀ dúró ṣáájú ibẹ̀, bóyá torí owó dátà, bóyá torí pé ààyè ti tán nínú rẹ̀, addStream nìkan ló gbọ́. Òmíràn lè jẹ́ tòkunbọ̀ tí àwa fúnra wa fi ránṣẹ́ sílé. Fún èmi àti fóònù tuntun mi, àṣẹ méjì ló wà, ọ̀kan ti pọ̀jù. Fún ẹni tó di tòkunbọ̀ yẹn mú, ọ̀kan ṣoṣo ló ní. Bí a bá yọ ọ́, kò tiẹ̀ ní mọ ẹni tó máa bá wí. Á kàn rò pé ọmọ òun ò fẹ́ gbé ìpè ni.

Àwọn tó ṣe Chrome pàápàá ò tíì yọ ọ́. Níbi iṣẹ́, mo ní ká má fi kọ́ ẹni tuntun mọ́, àmọ́ kí kóòdù wa kọ́kọ́ bi bíráwúsà bóyá ó mọ addTrack. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lo ti àtijọ́. Ìlà mẹ́rin péré. Wọ́n ní ìlà mẹ́rin náà nílò ẹni tí á máa tọ́jú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, owó wà níbẹ̀. Mo ṣáà ní kí ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ kọ́kọ́ ka iye fóònù tó ṣì ń gba ibẹ̀ pè, kó sì pe iye náà síta níwájú gbogbo wa.