Ẹ̀wà Inú Agolo



Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ katikísímù ti parí, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní JSS 2 tọ̀ mí wá sí ilé míṣọ́n, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìjẹ́wọ́ ni, ẹ kì bá tí gbọ́ ọ láti ẹnu mi títí ayé. Tìyá-tọmọ ni wọ́n yọ̀ǹda fún mi láti kọ ọ́ síhìn-ín, kìkì pé kí n má dárúkọ wọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì bi mí léèrè pé: "Fadá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ènìyàn lè purọ́ bí ó bá kọ ohun tí ó tọ̀nà sílẹ̀?" Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti fèsì: "Ẹ má dá a lóhùn, Fadá. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni olùkọ́ fún un. Kí ni ó tún ń wá?"

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Nítorí náà ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn ní kí olúkúlùkù wá agolo mílíìkì méjì, kí ó tẹ́ òwú tútù sí ìsàlẹ̀ wọn, kí ó sì fi ẹ̀wà márùn-ún sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń yọjú, kí a sì ti èkejì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ṣókùnkùn. Ẹ̀wà kan náà, omi kan náà, irú agolo kan náà. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kí ó yàtọ̀. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: bí ohun méjì bá yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, o kò ní mọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́ náà nínú wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ní láti kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀, èyíinì ni ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa fi rúlà wọn ẹ̀wà náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje. Títí dé ibi tí mo ròyìn dé yìí, olùkọ́ rere ni olùkọ́ náà.

Ọmọ wa kọ ọ́ nínú àbá rẹ̀ pé ẹ̀wà ojú fèrèsé ni yóò ga jù. Ní ọjọ́ keje, ẹ̀wà ojú fèrèsé ga ní sẹ̀ǹtímítà 9. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ga ní 16. Ó tún un wọ̀n, 16 náà ni. Ẹ̀rù bà á. Ìwé wọn sọ pé ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe láìsí ìmọ́lẹ̀, olùkọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀, òun pàápàá sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá gbé 16 fún ojú fèrèsé, ó gbé 9 fún inú òkùnkùn, ó sì gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kọ ohun tí rúlà wí gba mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ìwé náà, nítorí ìwé kò purọ́. Inú ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ wà, nínú apá méjèèjì tí ẹ̀yin ìyá ń rí nígbà tí ẹ bá ń bó ẹ̀wà fún àkàrà. Bí ó bá hù nínú òkùnkùn, kì í fi oúnjẹ yìí ṣe ewé títẹ́jú tàbí ọ̀pá líle. Gígùn ni ó ń ná gbogbo rẹ̀ lé, bí ẹni tí ó ń na ọrùn wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nítorí náà ni ó ṣe ń ga fíofío, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sì ní àwọ̀ ewé tútù lára. Nígbà tí oúnjẹ náà bá tán, yóò ṣubú, yóò sì kú, nítorí pé láìsí ìmọ́lẹ̀ kò lè dá oúnjẹ mìíràn ṣe. Ohun tí ọmọ náà rí kò lòdì sí ìwé. Ó jinlẹ̀ ju ibi tí òye wọn nípa ìwé náà dé lọ ni. Gíga kì í ṣe ìlera. Ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ tòótọ́ ni ọmọ náà dúró sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi ti ìlẹ̀kùn.

Nísinsìnyí, kí ni irọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ohun tí ó wà mu ni irọ́, pé ìyẹn náà ni ó tán. Thomas Mímọ́ ti Aquino, ẹni tí a fi ìwé rẹ̀ tọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbà tọkàntọkàn pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, àṣìṣe ni ó ṣe, kò purọ́. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí ó lòdì sí èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, òun ni ó purọ́, bí ó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí òtítọ́. Bí ẹnìkan bá wá sin ọ̀rẹ́ mi ní gbèsè, tí mo sì rò pé ọ̀rẹ́ mi wà nínú yàrá, tí mo sọ pé kò sí nílé, tí òun sì ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde láìjẹ́ pé mo mọ̀, òtítọ́ ni ó ti ẹnu mi jáde, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa.

Nítorí náà ìdáhùn ìbéèrè ọmọ náà ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn lè purọ́ nípa kíkọ ohun tí ó tọ̀nà. Ìwé àyẹ̀wò kò béèrè lọ́wọ́ rẹ pé, "Kí ni ìwé wí?" Ohun tí ó béèrè ni pé, "Kí ni ìwọ rí?" Ẹni tí ó bá fi èyí tí ìwé wí dáhùn ti jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀, a sì mọ òfin Ọlọ́run tí ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rí.

Bí mo ti ń kọ èyí, ojú ń ti èmi náà díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, a gbé omi kaná ní kíláàsì, a ní kí a kọ ìwọ̀n ìgbóná tí ó wà nígbà tí ó bá hó. Tẹmómítà wa dúró sí 98, kò kúrò níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì kọ 100, èmi náà kọ 100. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé omi kì í dé 100 kí ó tó hó ní ilẹ̀ tí ó ga. Ní Jos, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju òkun lọ, nǹkan bí 96 ni. Bóyá òkè tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ni ó fà á díẹ̀, bóyá tẹmómítà wa ni kò péye. N kò lè mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé, nítorí pé gbogbo wa pawọ́ pọ̀ pa ẹ̀rí rẹ́.

Ẹ wo Gregor Mendel, àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine Mímọ́ ní ìlú Brno, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jókòó fún ìdánwò ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kò yege, síbẹ̀ ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní sáyẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín 1856 sí 1863 ó ń gbin irú ẹ̀wà kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní pea sínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì, ó sì ń ka irúgbìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkórè kan, ó ka irúgbìn roboto 5,474, ó ka oníhunjọ 1,850. Ìṣirò rẹ̀ ń retí mẹ́ta sí ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣe ìpín náà yóò rí i pé ó fi díẹ̀ dín. Bí ó ti dín náà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Ó kú ní 1884. Ọdún 1900 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ó ṣe.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, n kò sì ní fi ìyókù pamọ́ fún yín nítorí pé aṣọ àlùfáà ni Mendel wọ̀. Ní 1936, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Fisher, kó gbogbo àbájáde Mendel pọ̀, ó ṣe ìṣirò wọn, ó sì ní wọ́n sún mọ́ ohun tí a ń retí ju bí ó ti yẹ lọ. Ó fura pé olùrànlọ́wọ́ kan ni ó ti ń kọ ohun tí ó mọ̀ pé ọ̀gá òun fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti bá Fisher jiyàn láti ìgbà náà, àwọn mìíràn sì gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo olùrànlọ́wọ́ tí Fisher rò yẹn, bí ó bá wà rí: kò jalè, kò ṣe ìkà sí ẹnikẹ́ni, ọ̀gá rẹ̀ ni ó fẹ́ tẹ́ lọ́rùn. Ṣé kò jọ ọmọ wa?

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ tí a bá kọ́ láti máa yẹ ọ̀rọ̀ wò yóò di aláìgbọràn, yóò máa já àgbà nírọ́. Mo mọ ìbẹ̀rù yìí, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìwé Dáníẹ́lì, orí kìíní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi oúnjẹ ọba bọ́ ọ, kò bú olórí àwọn ìránṣẹ́, kò sì bá a jà. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ní ẹ̀fọ́ àti omi fún ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ojú àwọn wé ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Ìwà ọmọlúwàbí ni, àyẹ̀wò sì ni. Ní orí kẹrìnlá, èyí tí kò sí nínú Bíbélì àwọn ará wa Pùròtẹ́sítáǹtì, ó ku eérú sí ilẹ̀ ilé òrìṣà Bélì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ipasẹ̀ àwọn tí ń jí oúnjẹ òrìṣà jẹ lóru hàn kedere lórí eérú náà. Ọba ti gbàgbọ́ nínú àwo tí ó ṣófo. Dáníẹ́lì wo ilẹ̀. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Katikísì kan bi mí ní ìbéèrè tí ó le ju èyí lọ: bí ọmọ bá kọ́ láti dán ohun gbogbo wò, ṣé kò ní dán Ọlọ́run wò lọ́la? Èdè wa pàápàá dá kún ìbẹ̀rù náà, nítorí ìdánwò ni a ń pe ti ilé-ẹ̀kọ́, ìdánwò náà ni a ń pe ti Èṣù. Èrò mi ni pé nǹkan ni a ń ti mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ọmọ rere tí í ti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá ìyá náà fẹ́ràn òun. Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wí pé ẹsẹ̀ tí ó rọ ti sàn, ẹsẹ̀ náà jẹ́ ohun tí a lè yẹ̀ wò, Ìjọ Mímọ́ kò sì tijú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 1883 ni ọ́fíìsì àwọn dókítà ti wà ní Lourdes. Ìwòsàn tí a ti wá ròyìn níbẹ̀ lé ní 7,000. Àwọn tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu fi díẹ̀ lé ní 70. A kò pe àwọn ìyókù ní òpùrọ́. A kàn ní ẹ̀rí kò tó. Bí a bá ní kí gbogbo ẹ̀rí tí a ń jẹ́ ní ìpàdé àdúrà wa gba irú ojú bẹ́ẹ̀ kọjá… ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì yín, àwọn mìíràn nínú yín kò sì ní yàrá àyẹ̀wò kankan. Síbẹ̀ ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ pé àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta, ti mọ ohun tí àbá jẹ́: a lè dá a, ó sì lè pàdé òkúta, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Rúlà ni òkúta náà. Bí ẹ bá fún ẹni tí àbá rẹ̀ kùnà ní mẹ́rin, tí ẹ sì fún ẹni tí ó yí nọ́ńbà padà ní mẹ́sàn-án, ẹ ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò ní gbàgbé. Nọ́ọ̀sì tí ó kọ ìgbóná ara aláìsàn sílẹ̀ láìfi tẹmómítà kàn án, ibo ni ó ti kọ́ ọ? Ẹni tí ó kọ ọ́ pé òun ti yẹ irin àti sìmẹ́ńtì ilé alájà mẹ́rin wò, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni ó kọ́kọ́ fún un ní máàkì?

Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni ti ọmọ náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí ó má baà bẹ̀rù ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó wúwo wà lọ́rùn àwa àgbà. Mo ní kí ó tún ẹ̀wà náà gbìn, kí ó sì dúró pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ. Ó gbìn ín. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù tún ga ju ti ojú fèrèsé lọ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ṣubú, ó dùbúlẹ̀ lórí òwú, nígbà tí ti ojú fèrèsé ń ya ewé. Ó kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ti èkejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó kọ ọ́ sí abẹ́ ti àkọ́kọ́ pé òun ni òun yí i padà, ó sì gbé ìwé náà lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, olùkọ́ náà kò tíì dá ìwé padà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ìyá rẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Fadá, bí wọ́n bá wá gba máàkì márùn-ún lọ́wọ́ ọmọ mi ńkọ́?" Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n gbà á.