Ta Ló Ni Sinimá Tó Wà Nínú Àpótí Yìí?

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá àlejò bí ẹni gbé ère sójúbọ. Ohun tí a ń so mọ́ ọn ló ń yí padà. Ẹ̀rọ fídíò ló kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ alájọ̀ọ́wò àwo pẹlẹbẹ dé, nísinsìnyí, nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí a fi wáyà kan ṣoṣo so mọ́ ọn. Bí a ti ń tò ó kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí àwọn ọmọ wa mọ èyí jù wá lọ. Ìbéèrè tí ó gbé wọlé wa ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: àwọn sinimá tí a kó sínú rẹ̀, ta ló ni wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò ní irú rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n pè ní Mac mini. Íńṣì 6.5 ni ìbú rẹ̀, íńṣì 2 ni gíga rẹ̀, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 499. Wọn kò ta ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọn kò ta pátákó ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Ẹni tó bá rà á ni yóò wá tirẹ̀. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní bí kò bá ní ojú, ojú kan ṣáà ti wà ní yàrá àlejò. Bí ó ṣe di ẹrú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 2006, Apple fi rìmóòtù sí i, kí onílé lè jókòó sórí àga kó máa yan ohun tó fẹ́ wò. Lọ́dún 2010 wọ́n fún un ní ihò HDMI tí tẹlifíṣọ̀n òde òní ń lò. Lọ́dún 2011 wọ́n sì yọ ẹnu tí a ń ki àwo bọ̀ kúrò lára rẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ lórí àwo. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ṣe irú rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Kodi sì wà tó ń to gbogbo sinimá lẹ́sẹẹsẹ sójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú àwòrán iwájú páálí wọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá to ìwé sórí pẹpẹ.

Àwo DVD tí a sábà ń rà kì í gbà ju gígábáìtì 8.5 lọ. Hard disk tó gba 2,000 kò tóbi ju ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní igba àwo tó wọ inú ohun tí a lè fi sí àpò kóòtù. Fún ìdílé tó ń gbé inú fúláàtì Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àga àti bẹ́ẹ̀dì ti ń jà du àyè, kì í ṣe ohun kékeré.

Ó dáa. Nígbà tí mo ra àwo sinimá kan ní ṣọ́ọ̀bù, kí gan-an ni mo rà? Ike pẹlẹbẹ náà di tèmi. Mo lè yá ọ̀rẹ́ mi, mo lè tà á, bí orí mi bá sì dàrú mo lè fi gbé kọ́ọ̀bù tíì lé. Ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Bírítéènì tí mo ń gbé, ọ̀rọ̀ náà ti lọ sókè, ó ti wá sódò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìjọba fàyè gba ẹni tó ra àwo láti dà á kọ fún ìlò ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ olórin gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n ní kò sí owó gbà-máà-bínú kankan nínú ètò náà fún àwọn tó ni iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2015, ilé ẹjọ́ fagi lé e. Òfin náà kò lo ọdún kan láyé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá da orin inú àwo tó fi owó ara rẹ̀ rà sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ti rú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹni tí ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ní Jámánì, òfin gbà kí ènìyàn da nǹkan kọ fún ìlò ilé, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ lórí ẹ̀rọ àti àwo òfìfo láti pín fún àwọn oníṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lọ́dún 1984, adájọ́ 5 sí 4, pé kí ènìyàn fi fídíò gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ láti wò ó bó bá yá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1998 ní kí ẹnikẹ́ni má já àgádágodo tí wọ́n fi ti DVD.

Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ìdájọ́ mẹ́ta lórí ìwà tó jọra. Èmi kì í ṣe lọ́yà, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni rú òfin ìlú tó gbà á lálejò. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ pé, "Dádì, ṣé olè ni èyí?", ìwé òfin nìkan kò lè bá ọ dá a lóhùn.

Iṣẹ́ ìṣírò owó ni mo fi ń jẹun. Bí iye kan kò bá bára mu nínú ìwé, a kì í kọ́kọ́ bínú sí ẹnikẹ́ni. A óò wá ibi tó ti dín. Ọ̀nà tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí náà nìyẹn: owó ta ló dín? Bí mo bá ra àwo, tí mo dà á sínú àpótí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí mo gbé àwo náà sínú páálí ní àjà, owó ẹni tó ṣe sinimá náà kò dín kọ́bọ̀. Ó ti gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dà á fún ilé mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Níbí ni àwọn ènìyàn máa ń gbé àwáwí kan jáde, àwáwí náà sì lágbára ju bí a ti rò lọ. Wọ́n á ní, "N kò bá má rà á. Bí n kò bá rí i lọ́fẹ̀ẹ́, n kò ní wò ó rárá. Kí wá ni mo mú kúrò lápò ẹni tó ṣe é?" Ẹ jẹ́ kí a fún àwáwí yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: fún ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ló lè sọ ọ́. Nínú iṣẹ́ wa, oníbàárà kan tí kò san gbèsè kò lè ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹgbẹ̀rún oníbàárà, tí olúkúlùkù wọn ní àlàyé tó dára, ti tó láti tì í pa, a kò sì ní rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí a lè nàka sí pé òun ló ṣe é.

Àwa Yorùbá kò ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹ̀rí. Nígbà tí Hubert Ògúndé àti àwọn àgbà òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sinimá ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó wọ́pọ̀ pé àwọn fúnra wọn ló ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ owó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Lọ́dún 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Mooru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Owó ńlá ló wọlé sí sinimá náà, gbèsè sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan jí i kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó di ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà, ẹni tó ṣe é kò rí nǹkan gbà níbẹ̀. Ọkùnrin tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín wọ gbèsè, ó sì sọ̀rọ̀ àdánù náà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Àwọn tó ra kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú náà kì í ṣe ẹni ibi. Bàbá àti ìyá wa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé òwe náà le jù. Ìtàn Ọ̀run Mooru jẹ́ kí n rí ìdí rẹ̀.

Ẹ wá wo bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa níbí. A pé jọ síbi ìsọmọlórúkọ, a jẹun tán, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ènìyàn rí bí sinimá ti tò lọ bí ẹsẹ̀ ọ̀kín. Ẹ̀gbọ́n kan á fa hard disk yọ lápò: "Àbúrò, dákun bá mi da díẹ̀ sínú èyí, àwọn ọmọ kò gbọ́ Yorùbá mọ́ nílé." Ẹ rí i pé ìdí tó fi ń bẹ̀bẹ̀ dára. Àgbà sì ni. Láti wo ojú ẹni tó jù ọ́ lọ kí o sọ pé "Rárá, sà" kò rọrùn fún ẹni tí a tọ́ dáadáa, ó sì lè dà bí ahun. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ wò ó, màmá wọn á sì ti se ẹ̀bà." Àwọn kan wá. Àwọn kan bínú. Mo rò pé ẹni tó bínú lẹ́ẹ̀kan sàn ju kí a máa fi ọ̀wọ̀ àgbà bo iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú, ẹ san owó oṣù fún àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ohun gbogbo. Èmi náà ń san án. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, ibẹ̀ ni mo ti wò ó lọ́dún 2022, inú mi sì dùn pé owó dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ilé ni a ń san yẹn. Ọjọ́ tí a bá dá a dúró, onílé á ti ilẹ̀kùn. Kódà ohun tí wọ́n kọ "rà" sí lára kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ rírà. Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon nawọ́ láti òkèèrè pa àwọn ìwé George Orwell kan rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ ìkàwé àwọn tó ti sanwó, nítorí ẹni tó gbé wọn síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Wọ́n dá owó padà, òótọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òfin ìpínlẹ̀ California ti ní kí àwọn olùtajà máa sọ ọ́ gbangba fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ni ó ń rà. Apple fàyè gba ènìyàn láti yan ẹni tí yóò jogún fọ́tò àti lẹ́tà rẹ̀ bó bá kú. Sinimá, orin àti ìwé tó rà lọ́dọ̀ wọn kò sí nínú ogún yẹn. Ìran tó ń fi aṣọ òkè jẹ ogún ni wá, ẹ rò ó wò: ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn tí ènìyàn ná fún ogún ọdún, kò sí nǹkan kan tí ọmọ rẹ̀ yóò rí gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ra àwo síbẹ̀, tí mo sì fẹ́ràn àpótí kékeré náà.

Ibi tó le jù fún mi ni ti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Nínú páálí àti àpótí ìrìnnà wa ni sinimá Yorùbá àwọn ọdún 1990 wà, irú èyí tí a rà ní Èkó tàbí ní Peckham. Àwọn tó gbajúmọ̀ bíi Ti Olúwa Nilẹ̀ ti Túndé Kèlání, tó jáde lọ́dún 1993, kò lè sọnù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tún tẹ̀ jáde mọ́. Nígbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ lè wò wọ́n bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, nítorí ètò PAL ni Nàìjíríà àti Bírítéènì ń lò, NTSC ni tiyín. Funai ti ilẹ̀ Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì ń gbó lọ́dọọdún. Bí a kò bá dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, wọn yóò kú, òfin kò sì bá wa wá ẹni tó ń tà wọ́n. Lórí èyí, ọkàn mi balẹ̀: ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nínú omi kò jí ọmọ gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á là tó wá gbé e sórí YouTube, tó ń gba owó ìpolówó lórí rẹ̀, nígbà tí òṣèré inú rẹ̀ ń wá owó oògùn ní Ìbàdàn, ìyẹn ti kúrò nínú ìtọ́jú. Ó ti ń kórè oko olóko.

Àwọn ọmọ wa a máa gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyí láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin mi fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo Saworoidẹ. A kò dà á kọ. A gun àjà, a mú àwo rẹ̀ jáde, a yá ọmọ náà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú rìmóòtù, ó fẹ́ tan Saworoidẹ yìí kan náà láti inú àpótí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò gbọdọ̀, nítorí ọ̀kan la rà, ọ̀kan náà sì ti wà nílé ẹlòmíràn. Wọ́n kó ẹjọ́ wá bá mi. Mo dá ọmọbìnrin láre. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwo náà lò kó tó padà dé.